Èwo Ló Máa Dúró, Èwo Ló Máa Lọ? Bí A Ṣe Ń Ṣa Ìkòkò àti Ohun Èlò Ìdáná Nílé Wa Nílẹ̀ Òkun

Òkun o, ẹ̀yin ará wa.

Oṣù kìíní ọdún ló dára jù láti yẹ ilé ìdáná wò ní ilẹ̀ Òkun wa ní Ìpínlẹ̀ Kogí, láti Kàbà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀. Àwọn ọmọ tó wá ṣọdún láti Àbújá àti Èkó ti padà, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ohun tí a bá fọ̀ kì í pẹ́ gbẹ, iṣẹ́ kajú kò sì tíì gbà wá lọ́wọ́. Ìdí kan tún wà tó ju ìyẹn lọ. Àsìkò Kérésì ni ilé wa máa ń kún jù. Ìkòkò tí kò bá jáde nígbà tí ogún èèyàn wà nílé, tí iná kò kú láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, iṣẹ́ wo ló fẹ́ ṣe nígbà tó bá ku ìyá àti ọmọ kan ṣoṣo nílé? Nítorí náà, kí ẹ tó kó àwọn ìkòkò ọdún padà sí ààyè wọn, ẹ ṣì fi wọ́n sílẹ̀ níta. Àwọn tó kù nínú yàrá, tí eruku bò, àwọn gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Àwọn kan máa ń sọ pé ohun tí a kò bá lò fún oṣù mẹ́fà, ká gbé e jù nù. Ìmọ̀ràn yẹn kò bá ilé wa mu. Ìkòkò ńlá kan lè sùn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn títí òjò fi dáwọ́ dúró, kó wá jẹ́ pé òun ni gbogbo ilé máa gbójú lé lọ́jọ́ kan. Ọdún wa ní àkókò tirẹ̀: Kérésì àti ọdún tuntun, Àjíǹde, Iléyá, iṣu tuntun, ìgbéyàwó, ìsìnkú àgbà. Ìbéèrè tó yẹ ká máa bèèrè lórí ìkòkò kọ̀ọ̀kan ni pé iṣẹ́ wo nínú ọdún ló ń dúró dè, àti pé ta ni yóò gbé e kaná. Tí a bá lè dárúkọ iṣẹ́ náà àti ẹni náà, ó dúró. Tí a kò bá lè dárúkọ méjèèjì, ẹ jẹ́ kó lọ síbi tí iná wà.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta, ẹ má tíì fọ̀ ọ́

Ẹ tẹ́ tápólì sí àgbàlá, ẹ kó gbogbo ohun tí a fi ń dáná jáde: èyí tó wà nílé ìdáná, èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, èyí tó wà lórí àjà, èyí tí ẹ kó pa mọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ má gbàgbé èyí tó ṣì wà nínú páálí láti ọjọ́ ìgbéyàwó, tí wọ́n gbé wá pẹ̀lú ẹrù ìyàwó, tí ẹnikẹ́ni kò tíì bu omi sí rí. Ẹ kó ọmọrí jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ máa fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dé ìkòkò títí ẹ ó fi rí èyí tó bá a mu. Ìkòkò tí kò ní ọmọrí ṣì wúlò, torí abọ́ fífẹ̀ tàbí ọmọrí ìkòkò mìíràn lè dé e. Ọmọrí tí kò rí ìkòkò dé ni kò níṣẹ́.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má tíì fọ nǹkan kan ni pé ìdọ̀tí ara ìkòkò á jẹ́ kí ẹ mọ ìgbà tó ṣiṣẹ́ kẹ́yìn. Tí dúdú ìdí rẹ̀ bá ṣì ń kun ọwọ́, kò tíì pẹ́ tó kúrò lórí iná igi. Tí dúdú náà bá ti gbẹ, tó ń ṣí, tí aláǹtakùn sì ti ta sí inú rẹ̀, ó ti pẹ́. Tí epo ara etí rẹ̀ bá ti le, tí eruku sì ti lẹ̀ mọ́ ọn débi pé èékánná kò lè họ ọ́, ó ti pẹ́ gan-an. Tí ẹ bá ti fọ gbogbo wọn tán, ẹnu nìkan ni yóò kù tí ẹ ó máa fi jiyàn, oníkálukú á sì máa sọ pé òun lo tòun ní àná.

Ti ta ni?

Kí ẹ tó pinnu ohunkóhun, ẹ dojú ìkòkò kọ̀ọ̀kan dé, kí ẹ wo ìdí àti etí rẹ̀. Àwọn obìnrin wa máa ń fi ọ̀dà sàmì sí ìkòkò àti kúlà wọn kí wọ́n tó gbé e lọ síbi ìnáwó: ilà pupa méjì, àgbélébùú funfun, lẹ́tà orúkọ tí wọ́n fi ìṣó họ. Ó dá mi lójú pé ẹ ó rí ó kéré tán ọ̀kan tí kì í ṣe tiyín. Ó tẹ̀ lé yín wálé láti ibi ìsìnkú kan, ẹni tó ni ín sì ti wá a títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Èyí ló kọ́kọ́ ń lọ. Ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́ tónítóní, kí ẹ sì gbé e lọ fúnra yín. Ẹ má fi rán ọmọdé, torí ẹnu àgbà ni wọ́n fi ń bẹ ẹni tó ti ń wá nǹkan rẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ya ti ẹbí àti ti ẹgbẹ́ sọ́tọ̀. Ìkòkò tí àwọn ìyàwó ilé dá owó jọ rà kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá fi tọrẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú yàrá rẹ̀ ló ń gbé. Agbada ńlá tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Tó bá ń gba ààyè mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ pe àwọn tó kàn, kí ẹ jọ sọ ibi tí yóò máa gbé. Ẹni tó tà á láìsọ fún wọn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní gbogbo ìpàdé ẹbí.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń bá ìyá yín tún ilé ṣe, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ẹ má ṣe dúró kí Mọ̀mí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọjà kí ẹ tó kó ìkòkò wọn síta. Ohun tí wọ́n fi bọ́ yín nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó sórí àga níbẹ̀, kí ẹ máa gbé e fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì bi wọ́n pé, "Mọ̀mí, ṣé ẹ ṣì ń lo èyí?" Èsì kan ṣoṣo ló wà fún ìbéèrè yẹn: "Mò ń lò ó." Ẹ bi wọ́n pé:

"Mọ̀mí, kí lẹ fi èyí sè kẹ́yìn?"

"Háà, èyí! Òun la fi se ìrẹsì nígbà tí wọ́n ń sin bàbá yín àgbà."

"Ta lẹ máa fẹ́ fi ta lọ́rẹ?"

Ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Àwọn fúnra wọn á dárúkọ ọmọ àbúrò wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ní Mọ̀pà, tàbí obìnrin tó ń ta oúnjẹ ní ojú ọ̀nà. Ìkòkò tí àgbà bá fọwọ́ ara rẹ̀ fi ta èèyàn lọ́rẹ kì í dun àgbà. Èyí tí wọ́n bá sì ní kó dúró, ẹ jẹ́ kó dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí rẹ̀ ti jò. Ilé wọn ni.

Ẹ dán wọn wò

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Ẹ wá mágínẹ́ẹ̀tì kan. Èyí tó wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ dára púpọ̀. Ẹ gbé e sún mọ́ ìkòkò kọ̀ọ̀kan. Irin gidi àti tánńganran máa ń fà á mọ́ra. Sílífà, ìyẹn alumíníọ̀mù, kì í fà á rárá, ìbáà jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí èyí tó nípọn tó wúwo tí a ń pè ní ìkòkò irin, torí sílífà tí wọ́n yọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì mìíràn máa ń fà á, òmíràn kì í fà á. Ẹ pín wọn bẹ́ẹ̀, torí àbùkù tí ẹ ó máa wò lára ọ̀kan kọ́ ni ẹ ó máa wò lára èkejì.

Sílífà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: ẹ gbé e wọ inú yàrá tó ṣókùnkùn, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sí ojú fèrèsé. Tí ìmọ́lẹ̀ bá yọ bí ìdí abẹ́rẹ́, ó ti lu. Tí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ bu omi kún un, ẹ gbé e ka orí pépà tó gbẹ títí di ọ̀sán. Ẹ tún fi ọwọ́ pa inú rẹ̀. Tó bá ti ní kòtò kéékèèké káàkiri, ohun tó ń jẹ ẹ́ ti wà níbẹ̀ tipẹ́. Kán-ún tí a ń fi sínú ẹ̀wà máa ń jẹ sílífà, omi eérú náà ń jẹ ẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ògì tó ti kan tí a bá fi sùn sínú rẹ̀, àti tòmátò. Èyí tó bá ní kòtò díẹ̀ ṣì lè se iṣu àti àgbàdo. Èyí tí ìdí rẹ̀ ti fẹ́ débi pé ó ń mì bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó lọ, pàápàá tó bá jẹ́ ìkòkò ńlá. Ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná tó ń mì lórí ààrò pẹ̀lú àwọn ọmọdé tó ń sáré kiri jẹ́ ewu tí kò yẹ ká fi pa mọ́ nítorí owó.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń lẹ ìkòkò. Tí ìkòkò bá lu, àwọn kan máa ń fi òjé dí i. Òjé tí wọ́n pò mọ́ tíìnì fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ máa ń yọ́ ní bíi ìwọ̀n ooru 183 lórí òṣùwọ̀n Celsius, epo tí a fi ń dín àkàrà sì máa ń sún mọ́ 180. Ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n fi dí i wà ní bèbè yíyọ́ sínú oúnjẹ. Òjé kò dára fún ọpọlọ ọmọdé rárá, kékeré rẹ̀ gan-an léwu. Ìkòkò tí ẹ bá rí irú àlẹ̀mọ́ bẹ́ẹ̀ nídìí rẹ̀, tí ó ń dán tí èékánná sì lè họ, ẹ má fún ẹnikẹ́ni kó fi se oúnjẹ.

Èyí gbé mi dé orí ìkòkò irin wa, tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń yọ́ láti ara àgólò, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ àti oríṣiríṣi àlòkù. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Iná kì í jó oúnjẹ nínú rẹ̀ bọ̀rọ̀, ó sì ń pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń yọ́ àlòkù pọ̀ kò lè mọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ní Cameroon tí a jọ pààlà, àwọn olùwádìí yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ ìwádìí wọn jáde ní 2014 pé òjé wà nínú rẹ̀, ó sì ń jáde sínú ohun kíkan tí wọ́n bá sè nínú rẹ̀. Mi ò sọ pé kí gbogbo ilé kó ìkòkò irin wọn dànù. Ohun tí mo sọ ni pé tí ẹ bá ní mẹ́rin, tí ẹ sì fẹ́ dín in kù, àwọn ìkòkò irin kéékèèké tí ẹ fi ń se ọbẹ̀ tòmátò àti oúnjẹ ọmọ ni kó kọ́kọ́ lọ, kí sitẹ́ńlẹ́ẹ̀sì gba iṣẹ́ wọn. Kí èyí tó kù máa se iṣu, kó máa bọ àgbàdo, kí ẹ má sì fi oúnjẹ sùn sínú rẹ̀ mọ́jú.

Tánńganran: ẹ wo inú rẹ̀. Tó bá ṣí níta, kò léwu. Tó bá ṣí nínú, irin abẹ́ rẹ̀ á máa dípẹtà, èérún rẹ̀ tó dà bíi gíláàsì á sì máa já bọ́ sínú oúnjẹ. Ẹ fi gbin ẹ̀fọ́ tàbí òdòdó sí ojúde.

Páànù nọ́nsítíkì, èyí tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́: tí síbí irin bá ti họ inú rẹ̀ débi pé ó ń ṣí, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí, torí kò ní yéé lẹ̀ mọ́. Ẹ má sì gbé irú páànù yìí sórí iná igi tàbí gáàsì líle láìsí nǹkan nínú rẹ̀, ì báà jẹ́ tuntun. Bí ooru rẹ̀ bá kọjá 260, ohun tí wọ́n fi kùn ún á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, èéfín rẹ̀ kò sì dára ní fífà símú. Ilé tó jẹ́ igi ni wọ́n fi ń dáná kò nílò rẹ̀ rárá. Ẹ fi ta ẹni tó ń lo gáàsì níwọ̀ntúnwọ̀nsì lọ́rẹ nígbà tó ṣì dára.

Prẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù ni mo fẹ́ ká rò dáadáa kí a tó lé e kúrò nílé. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń bẹ̀rù rẹ̀, ni wọ́n bá fi pa mọ́. Omi inú ìkòkò lásán kì í gbóná ju 100 lọ, bó ti wù kí iná pọ̀ tó. Nínú prẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù ó máa ń dé bíi 120, ìdí nìyẹn tí ẹ̀wà àti ẹran líle fi ń tètè rọ̀. Ẹni tó ń ra gáàsì ní kílò kílò kò yẹ kó fi í tọrẹ. Ẹ yọ rọ́bà etí ọmọrí rẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́. Tó bá ti le, tó ń sán, ẹ ra tuntun. Ẹ gbé ihò kékeré tí èéfín ń gbà jáde sójú oòrùn kí ẹ rí i pé ó là gaaraga. Lẹ́yìn náà, ẹ bu omi ago méjì sí i, ẹ gbé e kaná: tí èéfín bá ń jáde láti etí dípò orí, kò tíì dára. Tí ẹ kò bá rí rọ́bà tó bá a mu ní ọjà, tàbí ọmọrí rẹ̀ ti tẹ̀, ẹ tú u ká, kó lọ fún oníkóńdẹ́mù, ẹni tó ń ra àlòkù irin. Ẹ má ta prẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù tó ní àbùkù fún ẹlòmíràn. Ó lè bú gbàù mọ́ ọn lójú.

Ìkòkò amọ̀, àmù àti ajẹ̀rẹ: ẹ fi oríkèé ìka kàn án. Tó bá dún ketekete, ó dára. Tó bá dún bòòkù, ó ti sán níbì kan tí ojú kò tíì rí. Èyí tó dára, ẹ jẹ́ kó dúró. Àwọn tó ń mọ ọ́n kò pọ̀ mọ́ bíi ti àtijọ́.

Odó àti ọmọ odó, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ń jẹ iyán nílé. Tí ó bá jẹ́ odó méjì ló wà, ẹ wo ìdí àti ẹ̀gbẹ́ wọn. Èyí tí ikán ti wọ̀, tàbí tó ń ta èérún igi sínú iyán, òun ló ń lọ. Ọlọ náà, ẹ fi sílẹ̀.

Àwọn tó ń jẹ iná NEPA

Bílẹ́ńdà, ẹ̀rọ ìgúnyán, ìkòkò ìrẹsì oníná, kẹ́tùlù. Àwọn ọmọ ló sábà máa ń rà wọ́n ránṣẹ́ sílé, ìfẹ́ ló sì mú wọn rà á. Ẹ yí i, ẹ ka nọ́ńbà tó wà nídìí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà W. Kẹ́tùlù oníná sábà máa ń jẹ tó 2000. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ọ̀pọ̀ ilé ní kì í gbé tó 1000. Ohun tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ju ti jẹnẹrétọ̀ yín lọ, ìgbà tí NEPA bá mú iná wá nìkan ló lè ṣiṣẹ́. Ẹ wá bi ara yín ìgbà mélòó ni iná wà ní déédéé àkókò tí ebi ń pa yín. Bílẹ́ńdà kékeré tó ń jẹ 300 tàbí 400 lè dúró. Ẹ̀rọ ìgúnyán ńlá tí kò tíì kúrò nínú páálí rẹ̀ láti Kérésì èṣí, ẹ bá ọmọ tó rà á sọ̀rọ̀ kó gbé e padà sí Àbújá, níbi tí kò ti sí odó. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọpẹ́, kó má bàa rò pé ẹ kọ ẹ̀bùn òun.

Ìkòkò mélòó ló yẹ kó kù?

Ẹ fi omi wọn ìkòkò yín. Ìgò omi ńlá tó jẹ́ lítà kan ààbọ̀ ni kí ẹ máa fi dà á sínú rẹ̀ títí yóò fi kún, kí ẹ ka iye ìgò. Ìrẹsì máa ń wú tó ìlọ́po mẹ́ta tó bá jinná, nítorí náà ìkòkò lítà 10 á gba bíi kílò méjì ààbọ̀ ìrẹsì láìkún àkúnwọ́sílẹ̀. Ìyẹn á tó bíi èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tí a bá fi gíráàmù 100 ìrẹsì tútù fún ẹnì kan. Ìrẹsì Éjìbà tàbí ti òkèèrè, ìṣirò náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ìyá tó ń gbé pẹ̀lú ẹnì kan tàbí méjì nílò ìkòkò kékeré kan fún ọbẹ̀, ọ̀kan tó tóbi jù ú lọ fún iṣu àti ìrẹsì, ọ̀kan fún omi gbígbóná àti ọkà, agbada kan fún díndín. Ẹ wá fi ìkòkò ọdún kan kún un, tó lè gba gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Tí ọjọ́ bá dé tí èrò pọ̀ ju ìyẹn lọ, ẹ háyà ìkòkò ìnáwó, tàbí kí ẹ gba ti àwọn ìyàwó ilé. Kò sídìí tí ẹ fi máa tọ́jú ìkòkò èèyàn igba sínú yàrá tí ẹ ń sùn sí. Tí méjì bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà, èyí tí ọmọrí rẹ̀ dé e dáadáa tí etí rẹ̀ sì ṣe é dì mú ni kí ẹ mú.

Abọ́ ìnáwó, àwọn tí wọ́n ya àwòrán olóògbé tàbí ìyàwó àti ọkọ sí: ẹ mú ọ̀kan fún ẹni tó jẹ́ tiyín gan-an, kí ẹ pín ìyókù. Kò sí ẹni tó ń bínú sí i.

Ibi tí wọ́n ń lọ

Èyí tó ṣì dára ní ọ̀pọ̀ ibi tó lè lọ, ohun tó bá ẹni náà mu ni kí ẹ wò. Ìyàwó tuntun ń fẹ́ ìkòkò kéékèèké. Ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń fẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tó ní ọmọrí. Obìnrin tó ń se irú fún tità ń fẹ́ ìkòkò tó nípọn, torí irú ń pẹ́ lórí iná, kò sì bìkítà bó ṣe dúdú tó. Àwọn tó ń ṣe epo pupa náà rí bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sáláṣí máa ń fẹ́ àwọn ńlá.

Àwọn aláró àti aládìrẹ, irú èyí tí wọ́n mọ Ògìdì mọ́, máa ń nílò ìkòkò àtijọ́ pẹ̀lú. Ẹ má fún wọn ní sílífà. Kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ń pò mọ́ aró máa ń jẹ sílífà, ó ń hó, ó ń gbóná, afẹ́fẹ́ tó ń jáde níbẹ̀ sì lè gbiná. Irin tàbí tánńganran tó ṣí nínú díẹ̀ ló bá iṣẹ́ wọn mu. Ìkòkò tó bá ti gba aró kò gbọ́dọ̀ padà sí ìdí ọbẹ̀ mọ́ láé, ẹ sàmì sí i lára kí ẹ tó gbé e fún wọn.

Ẹ bèèrè kí ẹ tó gbé e lọ. "Àǹtí, ìkòkò kan wà nílé tí mo rò pé ó lè wúlò fún yín, ẹ wá wò ó." Kó jẹ́ pé òun ló yàn án. Ohun tí ẹ kò lè fi se oúnjẹ fún àlejò tiyín, ẹ má fi tọrẹ fún ẹni tí kò ní, kó má bàa jẹ́ pé ẹ̀yin ń kó ẹrù kúrò nílé, òun ló ń gbé e wọlé.

Ìyókù ni ti oníkóńdẹ́mù. Ẹ ti fi mágínẹ́ẹ̀tì pín wọn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó da sílífà pọ̀ mọ́ irin. Sílífà wọ́n ju irin lọ ní kílò, ẹni tó bá sì rí i pé ẹ kò mọ̀ á wọn gbogbo rẹ̀ ní iye irin. Mọ́tò bílẹ́ńdà tó ti kú ní wáyà bàbà nínú, bàbà sì tún wọ́n ju sílífà lọ, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ẹ yọ ọwọ́ oníkẹ̀ẹ̀ àti rọ́bà kúrò kí ó tó dé, kó má bàa fi wọ́n gé iye kílò yín. Kó tó gbé ẹrù yín kọ́ òṣùwọ̀n, ẹ kọ́ ìgò omi mẹ́rin tó jẹ́ lítà kan ààbọ̀ sí i nínú ọ̀rá. Kílò mẹ́fà àti díẹ̀ ló yẹ kó sọ. Tó bá sọ mẹ́rin, ẹ ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kí ẹ dúró de ẹlòmíràn. Kí ó tó lọ, ẹ fi òòlù lu ìdí ìkòkò tí wọ́n fi òjé dí àti ti prẹ́ṣọ̀ pọ́ọ̀tù tó bàjẹ́ títí wọn yóò fi tẹ̀, torí àwọn kan máa ń fọ irú rẹ̀, wọ́n á tún gbé e padà sójú ọjà.

Lẹ́yìn tí ó bá tán

Wàyí o, ẹ fọ èyí tó dúró, ẹ sá a sóòrùn títí yóò fi gbẹ tinú tòde. Ẹ kó kékeré sínú ńlá, kí ẹ fi pépà sí àárín wọn, kí ẹ sì fi ọmọrí sílẹ̀ láìdé kí òórùn má bàa ká wọn mọ́. Irin gidi, ẹ fi òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nù ún kó má dípẹtà. Ìkòkò ọdún, ẹ gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọkùnrin kan lè dé láìgun àga. Nígbà tí oṣù kọkànlá bá ń parí, ẹ gbé e jáde, ẹ bu omi sí i, ẹ tún wo ìdí rẹ̀. Tó bá ti jò, àkókò ṣì wà láti ra òmíràn kí owó ọjà Kérésì tó lé sókè.